Ṣé kí n máa lo họ́mónù tàírọ́ìdì ni, àbí kí n wá gbòǹgbò àìsàn náà lọ?

Ìbéèrè tí ó dé ọwọ́ mi nìyí: "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Obìnrin ni mí, ọmọ ọdún 38. Láti bí oṣù mẹ́jọ ni ó ti ń rẹ̀ mí ṣáá. Òtútù a máa mú mi nígbà tí ooru ń mú àwọn yòókù, irun mi ń já, mo sì ń sanra bẹ́ẹ̀ ni mi ò jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún mi, TSH mi jẹ́ 8.6. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó di 12.4. Wọ́n ní T4 mi ṣì wà láàárín ìwọ̀n tí ó yẹ, àmọ́ ìsàlẹ̀ ìwọ̀n náà ni ó wà, àti pé antíbọ́dì TPO mi ga gan-an. Dókítà mi ní kí n bẹ̀rẹ̀ levothyroxine, oògùn họ́mónù tàírọ́ìdì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kí n má dán an wò, pé bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mi ò ní lè fi í sílẹ̀ mọ́ láyé, pé ṣe ni yóò sọ tàírọ́ìdì mi di ọ̀lẹ, pé gbòǹgbò àìsàn náà ni kí n wá lọ, nítorí pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Wọ́n bá mi ra àyódíìnì olómi, mo sì ti ń kán an sínú omi mu láti ìgbà àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Mo tún ń lo biotin, fítámì kan, nítorí irun mi. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ṣé kí n máa lo họ́mónù ni, àbí kí n wá gbòǹgbò lọ?"

Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rí i pé ohun méjì ni ó ń bà yín lẹ́rù. Èkíní ni pé kí ẹ má baà di ẹrú oògùn títí ọjọ́ ayé yín. Èkejì ni pé ẹ ń fura pé ojú ọ̀ràn nìkan ni dókítà yín ń tọ́jú, tí ó fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ìfura yẹn kò burú. Láti ọdún tí mo ti ń tọ́jú àwọn tí tàírọ́ìdì ń dà láàmú, mo ti rí àwọn tí wọ́n kọ họ́mónù fún láìnídìí, mo sì ti rí àwọn tí kò lè ṣe kí wọ́n má lò ó, tí wọ́n sá fún un títí ó fi kù díẹ̀ kí ẹ̀mí bọ́. Ohun tí kò tọ̀nà nínú ìbéèrè yín ni "àbí" tí ó wà láàárín rẹ̀, bí ẹni pé ẹni tí ó ń lo họ́mónù ti kẹ̀yìn sí gbòǹgbò, tí ẹni tí ó sì ń wá gbòǹgbò kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan họ́mónù. Ohun tí a ní láti kọ́kọ́ mọ̀ ni ipò tí tàírọ́ìdì náà wà. Ṣé ó ti ń kú lọ ni, ṣé ó kàn dùbúlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ni, tàbí nǹkan kan ni ó ń dí i lọ́wọ́? Bí a bá ti mọ èyí, ìpinnu kì í nira mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àwọn nọ́ńbà yín, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Tàírọ́ìdì jẹ́ ẹ̀yà ara kékeré kan tí ó rí bí labalábá, ó wà níwájú ọrùn nísàlẹ̀ gògóńgò, kò sì tẹ̀wọ̀n ju nǹkan bí 20 gíráàmù lọ. Àyódíìnì, èròjà kan tí ń bá oúnjẹ wọlé, ni ó fi ń ṣe họ́mónù T4 àti díẹ̀ nínú T3, àwọn ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé káàkiri láti darí iṣẹ́ ara. Àwọn ẹ̀yà ara yòókù ni ó ń sọ T4 di T3 tí ara ń lò gan-an. Iye ẹyọ àyódíìnì tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni nọ́ńbà náà ń sọ. TSH ní tirẹ̀ kì í ṣe họ́mónù tàírọ́ìdì rárá. Ẹ̀yà kékeré kan tí ó so mọ́ ìsàlẹ̀ ọpọlọ ni ó ń rán an jáde láti pàṣẹ fún tàírọ́ìdì pé kí ó ṣiṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá ń ṣe déédéé, ọ̀gá kì í pariwo. Bí òṣìṣẹ́ bá ń falẹ̀, ohùn ọ̀gá a lọ sókè. Nítorí náà, TSH tí ó ga ń sọ pé họ́mónù kò tó ni, kì í ṣe pé ó pọ̀ jù, bí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń wá sọ́dọ̀ mi ṣe máa ń rò. Ní ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò, láti 0.4 sí nǹkan bí 4 ni wọ́n kà sí ìwọ̀n tí ó yẹ. Ti yín tí ó jẹ́ 12.4, tí T4 sì wà ní ìsàlẹ̀ ìwọ̀n, túmọ̀ sí pé ọ̀gá ti ń pariwo gidigidi, òṣìṣẹ́ náà sì ṣì ń tiraka láti jẹ́ ẹ.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ pé họ́mónù kàn ń bo àìsàn mọ́lẹ̀ ni. Èyí jẹ́ òtítọ́ nípa oògùn ìrora tí a ń lò fún eyín tí ó ti jẹrà: ìrora lọ, eyín ń jẹrà nìṣó. Levothyroxine kò rí bẹ́ẹ̀. T4 gan-an ni, kò yàtọ̀ sí èyí tí tàírọ́ìdì ń ṣe. Ohun tí ara ṣaláìní ni a ń dá padà fún un. Ṣáájú 1891, kò sí ohun tí dókítà lè ṣe fún ẹni tí tàírọ́ìdì rẹ̀ ti kú ju kí ó máa wò ó bí ó ti ń wú, tí èrò rẹ̀ ń lọ́ra, títí yóò fi kú. Ní ọdún yẹn, dókítà kan tí ń jẹ́ George Murray, ní ìlú Newcastle nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gún obìnrin ẹni ọdún 46 kan ní abẹ́rẹ́ omi tí ó fún láti inú tàírọ́ìdì àgùntàn. Obìnrin náà gbé ọdún 28 sí i láyé. Nígbà tí ó fi máa kú ní 1919, tàírọ́ìdì àgùntàn tí ó lé ní 870 ni wọ́n ti lò fún un. Mo máa ń rántí àwọn àgùntàn wọ̀nyẹn nígbà tí ẹnì kan bá ń ráhùn sí mi lórí hóró oògùn kan tí kò tóbi ju èékánná lọ.

Ọ̀rọ̀ pé ó ń sọ tàírọ́ìdì di ọ̀lẹ ní òtítọ́ díẹ̀ nínú, òun náà ni ó fi ń ran ènìyàn bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tí tàírọ́ìdì rẹ̀ dá ṣáká bá ń lo họ́mónù yìí, TSH yóò lọ sílẹ̀, tàírọ́ìdì rẹ̀ yóò sì sinmi. Bí ó bá fi oògùn sílẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọ̀gá yóò tún pariwo, òṣìṣẹ́ yóò sì dìde. Àwọn tí wọn kò lè fi oògùn náà sílẹ̀ mọ́ jẹ́ àwọn tí tàírọ́ìdì wọn ti bàjẹ́ kí oògùn tó dé. Oògùn kọ́ ni ó so wọ́n mọ́lẹ̀, àìsàn wọn ni. Mo mọ̀ pé ìyàtọ̀ yìí kò jọ nǹkan kan lójú ẹni tí yóò máa gbé hóró kan mì láràárọ̀, àmọ́ òun ni ó sọ ẹni tí ó yẹ kí a bínú sí.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo gbòǹgbò tí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ń sọ, nítorí pé wọn kò ṣìwí pátápátá. Àwọn ìdí kan wà tí a lè mú kúrò. Àìtó àyódíìnì nínú oúnjẹ ni ó ń fa gẹ̀gẹ̀ àti àìtó họ́mónù jù lọ lágbàáyé, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń fi àyódíìnì sínú iyọ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Àwọn oògùn kan náà wà: amiodarone tí wọ́n ń lò fún ọkàn tí kò lù déédéé, àti lithium tí wọ́n ń lò fún àìsàn ọpọlọ. Hóró amiodarone kan tí ó jẹ́ 200 mílígíráàmù ní àyódíìnì tí ó tó 75 mílígíráàmù nínú. Àwọn obìnrin mìíràn wà tí tàírọ́ìdì wọn máa ń dàrú láàárín ọdún kan tí wọ́n bímọ. Mo tọ́jú ìyá ìkókó kan tí TSH rẹ̀ ju 30 lọ nígbà tí ọmọ rẹ̀ pé oṣù márùn-ún. A fún un ní họ́mónù. Nígbà tí ọmọ náà ti ń rìn, a dín in kù díẹ̀díẹ̀, a sì dá a dúró, tàírọ́ìdì rẹ̀ sì ń bá iṣẹ́ lọ títí di òní. Ọ̀pọ̀ irú wọn ni ó máa ń bọ̀ sípò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn, nítorí náà ọdọọdún ni mo ṣì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ẹ bá bímọ láàárín ọdún kan sẹ́yìn tí ẹ kò sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín, ẹ tètè sọ ọ́ fún dókítà yín, nítorí pé ó lè yí ọ̀rọ̀ padà.

Ohun tí antíbọ́dì TPO yín ń sọ yàtọ̀ sí gbogbo ìwọ̀nyí. Antíbọ́dì jẹ́ ohun ìjà tí ara fi ń kojú àrùn. TPO jẹ́ èròjà kan nínú tàírọ́ìdì tí ohun ìjà yìí dojú kọ. Nínú àìsàn yìí, àwọn ọmọ ogun ara ṣi tàírọ́ìdì mú fún ọ̀tá, wọ́n sì ń wó o díẹ̀díẹ̀, fún ọdún púpọ̀ nígbà mìíràn. Dókítà oníṣẹ́-abẹ ará Jàpáánì kan, Hakaru Hashimoto, ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1912, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe àìsàn náà. Ó máa ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ dáadáa, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Gbòǹgbò yín nìyí, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún yín láìfi bò: títí di òní, kò sí oògùn, oúnjẹ tàbí àgbo kan tí a ti fi hàn pé ó lè bá àwọn ọmọ ogun wọ̀nyẹn sọ̀rọ̀ kí wọ́n dáwọ́ ogun dúró. Bí ó bá wà, èmi ni n ó kọ́kọ́ kọ ọ́ fún yín. Ní agbègbè Whickham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tọpa àwọn ènìyàn fún 20 ọdún. Nínú àwọn obìnrin tí TSH wọn ga tí wọ́n sì ní irú antíbọ́dì yìí, nǹkan bí mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni tàírọ́ìdì wọn ń dákẹ́ pátápátá lọ́dọọdún. Ìyẹn ni pé kì í yára, àmọ́ kì í sábà padà sẹ́yìn.

Àyódíìnì olómi yìí ni ó ká mi lára jù nínú lẹ́tà yín. Àgbàlagbà kò nílò ju 150 máíkírógíráàmù àyódíìnì lọ lójúmọ́. Aláboyún àti ẹni tí ń fọ́mọ lọ́yàn nílò 250. Àwọn àyódíìnì olómi kan le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀kán kan ṣoṣo nínú wọn fi ju mílígíráàmù mẹ́fà lọ, èyí tí ó jẹ́ ìlọ́po ogójì ohun tí ara ń fẹ́ ní ọjọ́ kan, nítorí pé ẹgbẹ̀rún máíkírógíráàmù ni ó wà nínú mílígíráàmù kan. Tàírọ́ìdì tí ara rẹ̀ dá lè farada irú àpọ̀jù bẹ́ẹ̀: yóò ti ilẹ̀kùn fún ọjọ́ díẹ̀, yóò sì tún ṣí i. Tàírọ́ìdì tí ó ti ní àìsàn Hashimoto lè ti ilẹ̀kùn kí ó má sì lè ṣí i mọ́, àpọ̀jù àyódíìnì sì tún lè ru àwọn ọmọ ogun ara sókè sí i. Ẹ kíyè sí i pé láàárín oṣù mẹ́ta tí ẹ fi ń kán an mu ni TSH yín gun òkè láti 8.6 dé 12.4. Èmi kò lè búra pé òun ni ó fà á, nítorí pé àìsàn náà fúnra rẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ gbòǹgbò tí a lè fà tu ni a ń wá, inú ìgò yẹn ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ dá a dúró lónìí.

Biotin kò ba tàírọ́ìdì jẹ́ ní tirẹ̀, àyẹ̀wò ni ó ń dà rú. Nínú àwọn ẹ̀rọ àyẹ̀wò kan, bí ó bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń mú kí TSH dà bí ẹni pé ó kéré ju bí ó ti rí lọ, kí T4 sì dà bí ẹni pé ó pọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ lò ó ní àárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò, ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yín burú ju ohun tí ìwé náà sọ lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì ó kéré tán kí wọ́n tó tún fa ẹ̀jẹ̀ yín.

Kí ni èmi yóò ṣe bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi ni ẹ wá? N ó kọ́kọ́ bi yín ní ohun kan tí lẹ́tà yín kò sọ: ṣé ẹ lóyún, tàbí ẹ ń gbèrò láti lóyún? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ìdúró. N ó bẹ̀rẹ̀ họ́mónù lọ́jọ́ náà gan-an. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, tàírọ́ìdì ọmọ inú oyún kò tíì lè dá ṣiṣẹ́, họ́mónù ìyá ni a sì fi ń mọ ọpọlọ rẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ oyún, tí ẹ sì ń rìn tí ẹ ń ṣiṣẹ́, ààyè wà láti dá àyódíìnì dúró, kí a sì tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Bí TSH bá lọ sílẹ̀ dáadáa, a ó máa ṣọ́ ọ. Bí ó bá ṣì ju 10 lọ, n ó ní kí ẹ gba họ́mónù láìjáfara, nítorí pé pẹ̀lú antíbọ́dì yín, ìrètí pé yóò fúnra rẹ̀ padà kò pọ̀. Dókítà yín tí ó ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kò ṣàṣìṣe o. Bóyá wọn kò tilẹ̀ mọ̀ nípa àyódíìnì náà.

Mi ò ní sọ ohun kan náà fún gbogbo ènìyàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi, bàbá ẹni ọdún 76 kan wá, TSH rẹ̀ jẹ́ 6, ó sì ní ó ń rẹ òun. Mo fún un ní họ́mónù, mo sì tún fi kún un nígbà tí ó ní àárẹ̀ náà kò lọ. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó padà wá, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ọkàn rẹ̀ ń lù gbàgàgbàgà láìní ìlànà. Èmi ni mo fà á. Ní 2017, wọ́n gbé èsì ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àgbàlagbà 737 tí wọ́n ti pé 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí TSH wọn kàn ga díẹ̀. Àwọn tí wọ́n fún ní họ́mónù kò yàtọ̀ sí àwọn tí wọ́n fún ní hóró òfìfo, àárẹ̀ ara wọn kò dín ju ara wọn lọ. TSH tí ó wà láàárín 4 sí 10 nínú arúgbó sábà máa ń jẹ́ ohun tí a ó máa wò lásán.

Mo sì ti rí òdìkejì. Ọkùnrin kan tí ó ti ń lo oògùn yìí fún ọdún mọ́kànlá fi í sílẹ̀ fún oṣù méje nítorí pé wọ́n ní kí ó fọ gbòǹgbò àìsàn náà nù. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, ipéǹpéjú rẹ̀ wú, ohùn rẹ̀ há, ìbéèrè mi yóò dé etí rẹ̀, a ó sì jókòó dúró kí ìdáhùn tó jáde. Mo fi òòlù kékeré lu iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ta bí ó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò padà sípò, ó ń yọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ó ń rò ó wò bóyá kí òun padà tàbí kí òun má padà. Ara tí kò ní họ́mónù tàírọ́ìdì nìyẹn. Ó wà nílé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Àwọn kan lè ní kí ẹ lo selenium, èròjà kan tí wọ́n ń tà bíi fítámì, tàbí kí ẹ yẹra fún gluten. N kò ní fi wọ́n ṣẹ̀sín. Selenium ti dín iye antíbọ́dì kù nínú àwọn ìwádìí kan, àmọ́ kí antíbọ́dì dín kù lórí ìwé yàtọ̀ sí kí tàírọ́ìdì padà máa ṣiṣẹ́, a kò sì tíì fi ìkejì yìí hàn. Bí ó bá pọ̀ jù, májèlé ni: irun tí ẹ ń tìtorí rẹ̀ sunkún gan-an ni yóò kọ́kọ́ já. Kí a yẹra fún gluten tí ó wà nínú àlìkámà wúlò fún ẹni tí ó ní àìsàn ìfun tí ń jẹ́ celiac, èyí tí ó máa ń bá Hashimoto rìn nígbà mìíràn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà fún un, ẹ lè ní kí wọ́n ṣe é, kí ẹ tó yọ oúnjẹ kankan kúrò. Àwọn kan yóò tún sọ fún yín pé kí ẹ lo èyí tí wọ́n fi tàírọ́ìdì ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ ṣe, pé ó bá ìṣẹ̀dá mu. Ó bá ìṣẹ̀dá ẹlẹ́dẹ̀ mu. T4 mẹ́rin sí T3 kan ni ó wà nínú rẹ̀, nígbà tí tàírọ́ìdì ènìyàn ń ṣe nǹkan bí mẹ́rìnlá sí ọ̀kan.

Bí ó bá wá di pé ẹ bẹ̀rẹ̀ levothyroxine, ẹ máa fi omi lásán gbé e mì láàárọ̀ kí ẹ tó jẹ nǹkankan, kí ó tó ìdajì wákàtí sí wákàtí kan kí oúnjẹ tàbí kọfí tó tẹ̀lé e. Oògùn tí ń fi kún ẹ̀jẹ̀, tí ó ní èròjà irin nínú, àti oògùn egungun tí ó ní kálísíọ̀mù nínú kì í jẹ́ kí ara gbà á, nítorí náà ẹ fi wákàtí mẹ́rin sí àárín wọn. Ìwọ̀n kíkún jẹ́ nǹkan bí 1.6 máíkírógíráàmù sí kílógíráàmù ara kan, àmọ́ ẹni tí tàírọ́ìdì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ bíi tiyín kì í sábà nílò tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ó ń gba ìdajì T4 láti kúrò lára, ìdí nìyẹn tí ìgbàgbé ọjọ́ kan kì í fi ṣe wàhálà, òun náà ni a fi ń dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí a tó tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò. Ẹ má ṣe fi kún un fúnra yín nítorí pé ẹ fẹ́ rù. Àpọ̀jù rẹ̀ ń ba ọkàn jẹ́, ó sì ń jẹ egungun.

Mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ ni yóò lọ. Òtútù àti àárẹ̀ sábà máa ń dín kù láàárín oṣù díẹ̀, irun a máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó padà. Ara tí ó ń sanra ní tirẹ̀, ìwọ̀nba ni tàírọ́ìdì ń fi kún un, omi àti iyọ̀ tí ara dì mú sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn kan sì wà tí TSH wọn ti bọ̀ sípò tí ó ṣì ń rẹ̀ wọ́n. Nígbà bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a wo ẹ̀jẹ̀ bí ó bá tó, kí a wo fítámì B12, bí oorun ṣe rí, àti bóyá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni ó farapamọ́ síbẹ̀. Láti inú lẹ́tà, èmi kò lè fọwọ́ kan ọrùn yín, n kò sì lè gbọ́ bí ọkàn yín ṣe ń lù. Bí ẹ bá ń rí òòyì nígbà tí ẹ bá dìde, tí ẹ ń rù dípò kí ẹ máa sanra, tí awọ ara yín sì ń dúdú sí i láìsí oòrùn, ẹ sọ ọ́ fún dókítà yín kí ẹ tó gbé hóró àkọ́kọ́ mì, nítorí pé ẹ̀yà mìíràn tí ó jókòó lórí kíndìnrín lè ti rẹ̀ sílẹ̀, họ́mónù tàírọ́ìdì sì léwu bí a kò bá kọ́kọ́ tọ́jú ìyẹn.

Ẹ padà lọ bá dókítà yín láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ gbé ìgò àyódíìnì náà àti ike biotin náà dání, kí wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sí ara wọn fúnra wọn. Bí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín bá lè bá yín lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀lé yín. Ìbéèrè wọn dára, ẹni tí yóò yẹ̀ yín wò dáadáa ni ó yẹ kí wọ́n bi í.